Ẹ̀wà Ìṣínu àti Ìdajì Ìgò Kẹrosíìnì

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Tìjání ní Agbójú láti kọ́ iṣẹ́ sitóòfù títúnṣe, òòlù ni mo múra sílẹ̀ fún. Ṣakí ni mo ti wá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó ni, mo sì ti wo apá mi nínú dígí láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo gbà pé ó tó í lu páànù. Ọ̀gá kò fún mi ní òòlù. Agolo ẹ̀wà kan ló gbé lé mi lọ́wọ́.

"Ṣà á," ló wí.

Mo rò pé ìyàwó ọ̀gá ló rìnrìn àjò. Mo ṣa ẹ̀wà, mo fọ̀ ọ́. Ó nawọ́ sí sitóòfù kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe tán, ó wọn kẹrosíìnì agolo mílíìkì kékeré kan sínú rẹ̀, ó ní kí n gbé ẹ̀wà kaná. Nígbà tó jinná, àwa méjèèjì fi gààrí jẹ ẹ́. Ọ̀gá nu ẹnu, ó ní, "Sitóòfù yìí ti dáa. Lọ pe ẹni tó ni ín."

Òfin ṣọ́ọ̀bù wa nìyẹn. Sitóòfù kankan kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ àfi tó bá fi agolo kẹrosíìnì kan se agolo ẹ̀wà kan jinná. Àwọn onísitóòfù yòókù máa ń ṣáná sí i, bó bá ti tàn, wọ́n á ní ó ti yá. Ọ̀gá Tìjání ní iná tó ń tàn yàtọ̀ sí iná tó ń ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi jẹ ẹ̀wà àwọn oníbàárà. Mo jẹ ẹ̀wà olóyin, mo jẹ ẹ̀wà funfun, mo jẹ èyí tí kòkòrò ti jẹ ṣáájú mi. Nígbà tí mo lọ sílé fún ọdún Iléyá àkọ́kọ́, ìyá mi gbé abọ́ ẹ̀wà síwájú mi, omi sì bọ́ lójú mi. Wọ́n rò pé àárò ilé ló ti ń ṣe mí. Wọ́n bu kún un.

Kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀ fún ẹ̀yin tí gáàsì ń bá yín dáná báyìí. Sitóòfù ní ikùn, ìyẹn páànù ìsàlẹ̀ tí kẹrosíìnì ń wà. Ó ní òwú, àwọn okùn rírọ̀ tó ń fa kẹrosíìnì náà gòkè. Ó ní fìlà, ìyẹn irin oníhò tí iná ń gbà jáde. Bí òwú kan bá ga ju èkejì lọ, iná á pọ́n, á máa rú èéfín, ìdí ìkòkò á sì dúdú. Bí wọ́n bá dọ́gba, iná á jẹ́ búlúù, kò ní í rùn, kò sì ní í pariwo. Ọ̀gá a máa wò ó gẹ́gẹ́ bí ẹni ń wo ojú ọmọ aláìsàn, kó tó ní, "Òwú kẹta yẹn ti ga jù, rẹ́ ẹ."

Ẹ̀kọ́ kejì tí mo kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló gbé mi dé ibi tí mo dé. Lọ́jọ́ kan, kẹrosíìnì tán kí ẹ̀wà tó jinná. Mo dìde láti bu òmíràn sí i, Ọ̀gá gbá mi lọ́wọ́. Ó fi àpò ìdọ̀họ wé ìkòkò náà pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, ó gbé e sínú àpótí pákó kan, ó sì fi lẹ́búlẹ́bú tí àwọn káfíńtà máa ń dà nù kún ẹ̀gbẹ́ àti orí rẹ̀. "Ìkòkò tó ń hó kò tíì gbọ́ pé iná ti kú," ló wí. "Má lọ sọ fún un." Nígbà tí a kírun Alásárì tán tí a tú u, ẹ̀wà náà ti rọ̀ débi pé ṣíbí kò ní iṣẹ́ ṣe. Ṣíṣí ìdérí ni Ọ̀gá ń pè ní sísọ fún ìkòkò. Kò sí ohun tó ń bí i nínú tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ tán tí mo ṣe fíríìdọ́ọ̀mù, mo wá ibi tí mo máa jókòó sí ní Apple Junction, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Festac. Alhaja Sìfáwù ló gbà mí. Ọmọ Ìwó ni wọ́n, opó, wọ́n ń ta mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ àti tìnàpá, wọ́n sì yọ̀ǹda iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn fún mi láìgba kọ́bọ̀. Ohun tí wọ́n sọ kò ju pé, "Máa mójú tó sitóòfù mi, kí o sì máa kí mi láàárọ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́." Mo ń ṣe méjèèjì. Alhaja kì í dá ẹni tó bá dúró kí wọn lóhùn, nítorí náà mo ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì wọn tèmi ti èéfín ara mi. Bí mo bá ti dìde, wọ́n á rí àmì dúdú tí mo fi sílẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi nítorí sìmẹ́ńtì. Bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ wa nìyẹn, ara sì máa ń tù mí.

Ọdún kan wá, nígbà ìjọba ológun, tí kẹrosíìnì wọ́n bí ojú. Kẹ́ẹ̀gì ló ń tò nílé epo, kì í ṣe ènìyàn. Wọ́n á fi okùn so wọ́n pọ̀, àwọn tó ni wọ́n á lọ sùn nílé, kẹ́ẹ̀gì á sì máa ṣọ́ ipò fún wọn. Nínú àwọn fúláàtì Festac, àwọn kan ti ń fi igi dáná ní bákónì, èéfín ń wọ aṣọ tí àwọn ará òkè sá, ìjà sì ń bẹ́ sílẹ̀ láti àjà kìíní títí dé àjà kẹta. Nígbà tí kò sí ẹni tó lè bá ìjọba jà, àwọn oníbàárà mi yíjú sí mi. Wọ́n ní èmi ni mo ń fa òwú gùn kí kẹrosíìnì lè tètè tán.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ààwẹ̀ Ràmàdáánì, Alhaja gbé sitóòfù wọn jáde, wọ́n gbé e kalẹ̀ níwájú mi gbàmù.

"Bùràímọ̀, sitóòfù tí o tún ṣe fún mi yìí, ńṣe ló ń mu kẹrosíìnì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu."

Ẹnu òrofó ní ń pa òrofó. Kí n ní, "Ẹ má bínú, Alhaja, màá wò ó," kí ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n ààwẹ̀ ń pa mí, ọkàn mi sì ti gbóná.

"Alhaja, sitóòfù kọ́ o," ni mo wí. "Ọwọ́ yín ni."

Obìnrin tó ń ra ọṣẹ lọ́wọ́ wọn rọra gbé ọṣẹ náà kalẹ̀.

"Ọwọ́ ta ni?" ni Alhaja bi mí.

"Ẹ máa ń ṣí ìkòkò jù, mà. Ẹ ṣí i, ẹ tọ́ ọ wò, ẹ dé e. Ẹ ṣí i, ẹ fi iyọ̀ sí i, ẹ dé e. Afẹ́fẹ́ Apple Junction ni ẹ ń fi kẹrosíìnì yín sè, kì í ṣe ẹ̀wà."

Alhaja yíjú sí gbogbo ọjà. "Ẹ gbọ́ o! Ọkùnrin ń kọ́ mi ní ẹ̀wà sísè! Èmi tí mo bí ọmọ méje, tí mo sì fi ẹ̀wà tọ́ gbogbo wọn!"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nídìí ìbínú wọn, torí kì í ṣe tèmi nìkan. Láti ọdún tí ọkọ wọn ti kú ni Alhaja ti máa ń se ẹ̀wà ìṣínu ní gbogbo Jímọ̀ inú ààwẹ̀, tí wọ́n á gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí ràtíbì kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa. Sàárà tí wọ́n ń ṣe fún olóògbé ni. Àwọn dírẹ́bà, bíríkìlà àti alágbàṣe tí ìyàwó wọn wà nílé lọ́hùn-ún ló ń jẹ ẹ́, oúnjẹ gbígbóná kan ṣoṣo tí òmíràn nínú wọn ń rí láàárín ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú ààwẹ̀ ọdún yẹn, búrẹ́dì ni Alhaja rí gbé fún wọn. Wọ́n sọ fún mi pé àwọn lá àlá ọkọ àwọn lóru ọjọ́ náà, pé ó kàn ń wò wọ́n ni, kò sọ nǹkan kan.

"Ìdajì ìgò kẹrosíìnì ló kù sí mi lọ́wọ́," ni wọ́n wí. "Gbà á. Bí o bá fi se ẹ̀wà Jímọ̀ yìí jinná kí ladáánì tó pe ìrun Màgàríbì, màá gbà lójú gbogbo ayé pé ọwọ́ mi ni kò dáa. Bí kò bá jinná, kó irin rẹ kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù mi."

Mo ní mo gbà. Ìyàwó kan àti ọmọ méjì ló wà nílé tó ń jẹ lára iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn, kò sì sí ibòmíràn ní gbogbo oríta náà tí wọ́n lè fún mi lófẹ̀ẹ́. Nígbà tí mo délé tí mo sọ ọ́, ìyàwó mi kò bú mi. Ó kàn bi mí bóyá mo rò pé wọ́n ṣì ń wá onísitóòfù ní Ṣakí.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo ní kí Alhaja rẹ ẹ̀wà sómi. Wọ́n ní àwọn kò tíì gbọ́ ọ rí pé wọ́n ń rẹ ẹ̀wà tí wọn kò fẹ́ fi din àkàrà. Mo ní ẹ̀wà tó bá ti mu omi yó kò ní í mu kẹrosíìnì. Bí a ṣe kí ìrun Jímọ̀ tán lọ́jọ́ kejì, mo gbé ìkòkò kaná níwájú gbogbo ènìyàn. Omi tó bo ẹ̀wà díẹ̀ báyìí ni mo bù sí i. Mo dé e, mo gbé òkúta lé ìdérí. Mo dúró ti iná náà títí ẹ̀wà fi hó dáadáa fún bí ogójì ìṣẹ́jú, mo sì paná. Kẹrosíìnì bí ìka méjì péré ló kù nínú ìgò.

"Kò tíì jinná!" ni àwọn tó ń wòran pariwo.

"Mo mọ̀," ni mo fèsì.

Mo wé ìkòkò náà ní àpò, mo gbé e sínú àpótí pákó tí mo ti rọ lẹ́búlẹ́bú káfíńtà kún. Ó wá ku ohun tó máa bò ó lókè. Alhaja ní bùláńkẹ́ẹ̀tì kan tó nípọn, tí wọ́n gbé bọ̀ láti Mẹ́kà, tí wọn kì í jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kàn. Mo tọrọ rẹ̀. Wọ́n wò mí títí kí wọ́n tó rán ènìyàn lọ mú un wá, mo sì fi bo ẹ̀wà náà dáadáa.

"Ṣé ó ti ń sùn ni?" Ìyá Wàsíù tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bi mí. Obìnrin ńlá ni, ẹ̀rín rẹ̀ a sì máa mi bẹ́ǹṣì. "Ṣé ká máa fọwọ́ gbá a nídìí díẹ̀díẹ̀?"

"Ẹ ṣáà má ṣí i," ni mo wí. "Ìyẹn nìkan ni mo bẹ̀ yín."

Mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Ọkàn mi balẹ̀, torí mo ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. Ohun tó máa ń jẹ́ kí obìnrin ṣí ìkòkò ni kó tọ́ ọ wò, gbogbo wọn ló sì ń gbààwẹ̀, títí kan Ìyá Wàsíù. Ta ló máa tọ́ ẹ̀wà wò nínú ààwẹ̀? Mo rò pé mo gbọ́n. Mo fẹ̀yìn ti ògiri, oorun sì gbé mi lọ.

Ohun tí mi ò rò ni pé ẹnu ló ń gbààwẹ̀, ọwọ́ kò gbààwẹ̀. Nígbà tí mo jí tí mo kí ìrun Alásárì tán, mo lọ wo àpótí mi. Wọ́n ti ká bùláńkẹ́ẹ̀tì náà dáadáa, wọ́n gbé e sórí àga. Lẹ́búlẹ́bú wà nílẹ̀ káàkiri. Mo fọwọ́ kan ìkòkò, ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Mo tẹ ẹ̀wà kan láàárín ìka méjì, ó ta kúrò lọ́wọ́ mi bí òkúta wẹẹrẹ.

"Ta ló ṣí i?"

Alhaja ń ka agolo mílíìkì tí wọ́n ti kà láàárọ̀.

"Alhaja?"

"Mi ò tọ́ ọ wò o. Mo ń gbààwẹ̀. Mo kàn tẹ̀ ẹ́ wò ni."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó, mà?"

"Ẹ̀ẹ̀kan." Ìyá Wàsíù wúkọ́, Alhaja sì nawọ́ sí i. "Tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Òun náà tẹ̀ ẹ́."

"Èmi ò ṣí i ní tèmi!" Ìyá Wàsíù pariwo. "Ó ti wà ní ṣíṣí nígbà tí mo dé ibẹ̀!"

Ó wá hàn pé kò sí obìnrin kan tó wá ra nǹkan lọ́sàn-án ọjọ́ náà tí kò tẹ ẹ̀wà yẹn. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n ń bẹ̀rù pé kí ẹ̀wà mi má di gbígbàgbé. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ sunkún, ẹ̀rín sì fẹ́ pa mí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo da ìka méjì kẹrosíìnì tó kù sínú sitóòfù, mo gbé ìkòkò padà kaná. Iná náà ti ń pọ́n, òwú ti fẹ́ gbẹ, kí ẹ̀wà tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Bó ṣe hó díẹ̀ báyìí ni iná kú. Mo sáré gbé e padà sínú àpótí, mo rọ lẹ́búlẹ́bú lé e, mo da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, mo gbé pákó lé gbogbo rẹ̀, mo sì bẹ Ìyá Wàsíù pé kó wá jókòó lé e.

"Títí dìgbà wo?"

"Títí n ó fi ní kí ẹ dìde."

Ó jókòó. Àpótí náà ké, ṣùgbọ́n ó gbà á. Mo wo oòrùn, mo sì mọ̀ nínú ara mi pé kò ní í jinná kí wọ́n tó pèrun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo irin mi níkọ̀ọ̀kan, èwo ni n ó kọ́kọ́ kó.

Ìgbà yẹn ni Bọ̀dá Súlè dé. Dírẹ́bà táńkà ni, Satellite Town ló ń gbé, ó sì wà lára àwọn tó máa ń jẹ ẹ̀wà ìṣínu Alhaja lọ́dọọdún. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì kan lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Alhaja, ẹ gbà o! Sàárà ni. Mo rí kẹrosíìnì rà lọ́wọ́ ẹnì kan lójú ọ̀nà."

Ayọ̀ ọjọ́ náà kò ṣeé sọ. Alhaja ń ṣàdúà fún un, àwọn obìnrin ń lọgun, ẹnì kan ti ń nu fìlà sitóòfù. Inú tèmi dùn ju tiwọn lọ, torí kẹ́ẹ̀gì yẹn ni ìgbàlà mi. Àdéhùn wa ni ìdajì ìgò lóòótọ́, àmọ́ ta ló máa rántí àdéhùn bí ẹ̀wà bá ti jinná? Mo ṣí kẹ́ẹ̀gì. Mo da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gá Tìjání ṣe kọ́ mi láti máa ṣe sí kẹrosíìnì tí mi ò mọ ibi tó ti wá. Kẹrosíìnì gidi máa ń dúró lára, á máa yọ̀ bí òróró. Èyí tutù lọ́wọ́ mi bí omi yìnyín, ó sì gbẹ kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ gbé sitóòfù yẹn kalẹ̀," ni mo wí. "Pẹtiróòlù ti wà nínú rẹ̀."

"Irọ́ ni," Alhaja wí. "O fẹ́ ba sàárà mi jẹ́ nítorí ẹnu rẹ."

"Alhaja, bí mo bá lo epo yìí, ẹ̀wà á jinná, màá sì jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù yín. Èmi gan-an ni mo nílò rẹ̀ jù."

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó bẹ́ẹ̀ ni. Mo da ìwọ̀nba díẹ̀ sínú ìdérí agolo tìnàpá, mo gbé e lọ jìnnà sórí ilẹ̀ gbalasa, mo ní kí gbogbo ènìyàn fà sẹ́yìn, mo sì fi igi gígùn kan na iná sí i. Kẹrosíìnì nìkan kì í gbiná wéré bẹ́ẹ̀. Eléyìí ní bùù, iná sì ga dé àyà mi kí ọ̀pá tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bọ̀dá Súlè gbé ọwọ́ lérí.

"Mo ti já ìdajì rẹ̀ sílé yín, Alhaja," ló wí. "Ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yà. Mo dà á fún Ìyàwó, kó lè fi po ẹ̀kọ ìṣínu."

Ìyàwó tó ń wí ni Rísìkátù, ìyàwó àkọ́bí Alhaja, tó ń gbé pẹ̀lú wọn nínú fúláàtì ní Festac. Ọmọ oṣù mẹ́rin ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹni tó ń kó búrẹ́dì wá fún wa wà ní títẹ̀ sí ògiri, agbọ̀n búrẹ́dì sì wà lórí rẹ̀. Mi ò tọrọ rẹ̀. Mo gùn ún, mo lọ.

Láyé mi, mi ò sáré bẹ́ẹ̀ rí, ká má tíì sọ nínú ààwẹ̀. Búrẹ́dì ń já bọ́ lẹ́yìn mi, oníbúrẹ́dì ń sáré tẹ̀ lé mi, ó ń ṣà á, ó ń ṣépè. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ ilé náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, "Rísì! Má ṣáná o! Má ṣáná!" Àwọn ará ilé rò pé adigunjalè ló dé, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Àjà kẹta ni wọ́n ń gbé. Mo já wọ kíṣíìnì láìkàn, láìkí.

Rísì dúró níwájú sitóòfù. Ó ti bu epo sí i, ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀, ìṣáná kan wà láàárín ìka rẹ̀, páálí ìṣáná wà lọ́wọ́ kejì. Mo já ìṣáná àti páálí rẹ̀ gbà, mo sì jù wọ́n sínú ohun tó bọ́ sí mi lójú. Ohun tó bọ́ sí mi lójú ni abọ́ ògì tó ti pò sílẹ̀.

"Olè!" Rísì ké. "Bọ̀dá Onísitóòfù ti ya wèrè!"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún un. Ó wo sitóòfù, ó wò mí, ó sì fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi fẹ́ kan ògiri, kó tó rántí pé ọmọ wà níbẹ̀. Mo rọra gbé sitóòfù náà sọ̀kalẹ̀, mo da inú rẹ̀ sórí iyanrìn níbi tí kò sí ẹnì kankan, mo sì da iyanrìn bò ó. Rísì dúró tì mí. Lójú ẹsẹ̀ ló bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń dá epo burúkú mọ̀, mo sì kọ́ ọ. Ó bi mí pé bí iná bá bẹ́ ńkọ́. Mo ní kó má da omi sí i láé, kó gbé korobá iyanrìn kan sí ẹnu ọ̀nà kíṣíìnì àti àpò tó tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó lọ wá korobá kí n tó sọ̀rọ̀ tán.

Alhaja dé, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, gèlè wọn ti já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n tú ọmọ lẹ́yìn Rísì, wọ́n gbá a mọ́ra, wọ́n tún fi ọwọ́ kan ojú Rísì, irun rẹ̀, apá rẹ̀, bí ẹni tó ń yẹ ọjà wò. Wọ́n ń sunkún. Èmi náà ń sunkún, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rù ni tàbí ebi.

A padà sí Apple Junction pọ̀, bí a sì ṣe ń dé ibẹ̀ ni ladáánì pe ìrun Màgàríbì. Kò sí ẹ̀kọ, ìṣáná ti wà nínú ògì. Omi àti èso dàbínù ni àwọn ará mọ́ṣáláṣí fi ṣínu, pẹ̀lú búrẹ́dì tí oníbúrẹ́dì rí ṣà. Nígbà tí a kírun tán, Alhaja bi mí, "Ẹ̀wà ńkọ́?" Mo ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ìyá Wàsíù kò gbàgbé. Ó ṣì jókòó lórí àpótí. Wọ́n ti gbé omi ìṣínu fún un níbẹ̀, ó sì ní èmi ni mo ní òun kò gbọdọ̀ dìde.

A tú u. Ooru gbá wa lójú. Alhaja bu ẹyọ kan, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó fọ́ pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́ láàárín ìka wọn. Wọ́n kó o sẹ́nu, wọ́n di ojú. Lẹ́yìn náà wọ́n da epo pupa àti ata dídín tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ lé e, wọ́n sì gbé e wọ mọ́ṣáláṣí fúnra wọn. Àwọn ọkùnrin yẹn jẹ ẹ̀wà náà, èéfín rẹ̀ ń gòkè sí wọn lójú. Bọ̀dá Súlè jẹ díẹ̀, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì.

Nígbà tí Alhaja jáde, gbogbo ọjà ń dúró de ìdájọ́.

"Ẹ̀wà kò jinná kí wọ́n tó pèrun," ni wọ́n wí. "Ẹ̀yìn ìrun ni. Àbí irọ́ ni mo pa?"

"Òótọ́ ni, mà," ni mo wí.

"Alhaja, ẹ foríjì í," Ìyá Wàsíù wí. "Ẹ wo ohun tó ṣe fún yín lónìí."

"Àdéhùn ni àdéhùn. Mo ní kó kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Bùràímọ̀, kó irin rẹ."

Mo lóṣòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn: òòlù, ẹ̀mú, àlùmọ́gàjí, ìdì òwú. Mi ò bínú. Àwọn tó wà nílé ń mí, ọmọ náà ń mí, mo sì ń sọ fún ara mi pé ibòmíràn á ṣí. Mo gbé àpótí irin lé èjìká. Bí mo ṣe yíjú, mo rí Alhaja tí wọ́n ń ti páálí mílíìkì wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan lé èkejì, títí ìdajì ilẹ̀ náà fi ṣófo.

"Níbo lò ń gbé e lọ?" ni wọ́n wí. "Òjò ti pa ọ́ tó níta. Wọlé."

Inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mo wà títí tí mo fi fẹ̀yìn tì.